Ọmọ Tí Kì í Ṣì Í

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbà mí gbọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lọ bi akọ̀wé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò náà. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ó wà láàyè, kò sì tíì gbàgbé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Mi ò fi ata sí i, mi ò fi iyọ̀ sí i. Inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bó bá dà bí ẹni pé mò ń pariwo, mò ń pariwo ni.

Mò ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan tó ń bá àwọn ọsibítù fọ aṣọ ìbùsùn. Ọkọ mi ń gé gíláàsì fèrèsé. A bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì máa ń da omi sílẹ̀ nígbà gbogbo, torí kì í wo ibi tó ń lọ. Ọmọ mi nìyẹn. Níléèwé, Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá iléèwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Á mú un lọ́wọ́ láti kíláàsì dé kíláàsì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun, á ní, "Ẹ bi í! Ẹ bi í ní ohunkóhun!" Mo lọ bá a lẹ́ẹ̀kan, mo ní ọmọ mi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ má bínú o."

Ọkọ mi náà ò sàn jù ú lọ. Ẹni tó ń gé gíláàsì kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣìṣe sétí. Bó ṣe máa ń wí nìyí: "Igi gba àtúnṣe. Aṣọ gba àtúnṣe. Gíláàsì ò gbà á. O gé e, o ti gé e nìyẹn." Òfin gíláàsì ló gbé karí ọmọ. Nírọ̀lẹ́, bí ọmọ bá ń ṣe ìṣirò, tó bá ṣi ẹyọ kan péré, á ní kó padà síbi àkọ́kọ́. Bó ku ẹyọ kan kó parí, tó ṣì í, ó di ibi àkọ́kọ́. Oúnjẹ á tutù. Èmi á pariwo títí ohùn mi á fi há. Ọmọ á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò ṣì í mọ́. Ọkọ mi ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Mo rí i. Mo rí i pé ọmọ náà kì í da omi sílẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdánwò dé. Wọ́n ní àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ń wá àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé jù lọ, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí iléèwé ọ̀tọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì ni wọ́n fẹ́ bi wọ́n. Orí gan-an ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Mo ní, ṣé orí ọmọ jẹ́ ìrẹsì ni? Lọ́kàn ọkọ mi, ó ti ń ra bàtà iléèwé tuntun fún un.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni. Àwa òbí tò sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń retí dókítà. Fáànù òkè ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá náà wà. Igi ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní gíláàsì rárá. Obìnrin kan ló ń dán àwọn ọmọ wò nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó ní ìwé ìbéèrè kan, ó sì ní àpótí kékeré kan tí àwọn igi onígun mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí ọmọ á máa tò.

Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ló là á yé wa. Ó fẹ́ràn àwàdà.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró. Ìbéèrè á máa le sí i, á máa le sí i. Tí ọmọ bá ti ṣi mẹ́ta léra wọn, Àǹtí á pa ìwé dé. Ó parí nìyẹn."

Mo ní, "Tí ọmọ ò bá wá ṣì í ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń ṣì í."

Lóòótọ́, gbogbo wọn ń ṣì í. Ọmọ á wọlé, kì í pẹ́ púpọ̀, á jáde. Òmíràn ń sunkún. Ọmọkùnrin kan jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n bi í. Ó ní wọ́n ní kóun sọ ohun tí bàtà àti ọkọ̀ ojú omi fi jọra. Ìyá rẹ̀ ní, "O ní kí ni?" Ó ní, "Mo ní àwọn méjèèjì ń rùn." Ìyá rẹ̀ gbá a lórí, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn gan-an. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sílé wọn.

Ọmọ tiwa ló kẹ́yìn. Kó tó wọlé, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Kí ni mo sọ?"

"Mi ò gbọ́dọ̀ ṣì í, Dádì."

"Má ṣì í o."

Mo tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Mo ní, "Lọ, kóo tètè padà wá jẹun." Ó wọlé. Obìnrin náà rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a gbọ́. Ohùn obìnrin náà, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọ mi. Igi kan igi lórí tábìlì, kò, kò, kò. Ohùn obìnrin náà. Ohùn ọmọ mi. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ láàárín wọn. Àwọn ọmọ yòókù máa ń ronú, a máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Tiwa ò ronú. Ìbéèrè, ìdáhùn. Ìbéèrè, ìdáhùn.

Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Ọ̀gá iléèwé dé, ó ti múra, ó ti mú fóònù jáde láti ya fọ́tò. Ó bi akọ̀wé pé ibo ni nǹkan dé. Akọ̀wé ní, "Kò tíì ṣi ẹyọ kan." Ọ̀gá iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìdúró. "Kọ̀ǹpútà mi! Mo sọ fún wọn! Ṣé mi ò sọ fún wọn?" Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa itan. Èmi ń wo akọ̀wé. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Mo rọra bi í pé, "Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn, ṣé kò ní ìparí ni?"

"Ó ní."

"Ṣé wọn ò tíì débẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó yẹ kí wọ́n ti débẹ̀ tipẹ́."

Mo dìde. Mo lọ gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà tutù, bẹ́ẹ̀ ooru wà níta. Mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.

"Orúkọ wo ni ìyá rẹ fẹ́ sọ ọ́ kó tó yí ọkàn padà?"

Ọmọ mi dárúkọ kan. Mi ò sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti rò ó, nígbà tí oyún ọmọ náà wà níkùn, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

"Kí ni ìyá rẹ ń rò lọ́wọ́ báyìí?"

"Ó ń rò ó pé kóun ṣí ilẹ̀kùn."

"Ṣé á ṣí i?"

"Á ṣí i."

Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀. Mo ṣí i.

Kò sẹ́ni tó tan iná. Yàrá náà ti ń ṣú. Ọmọ mi jókòó ganrangan, ọwọ́ lórí tábìlì, ó kọjú sí àga tó wà ní òdìkejì. Àga náà ṣófo. Obìnrin tó ń dán wọn wò dúró ní kọ̀rọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di báàgì mọ́ àyà. Ìwé ìbéèrè wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti pa á dé.

Ó ní, "Mo ti bi í tán." Ó nawọ́ sí ìwé tó wà nílẹ̀. "Ìwé ti tán. Mo ti dákẹ́. Kì í ṣe èmi."

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì ń bá a lọ. Ohùn obìnrin náà gan-an ni, ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé. Láti ọ̀dọ̀ àga tó ṣófo ló ti ń wá. Ó bi ọmọ mi léèrè ohun kan nípa àwọn tí a kò tíì bí. Ọmọ mi dá a lóhùn. Kò mí láàárín. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là.

Mo sáré gbé e. Kò ṣeé gbé. Ọmọ tí mo máa ń fi ọwọ́ kan gbé! Ó wúwo bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí omi kún inú rẹ̀. Mo fà á, àga pàápàá ò yẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, ó ń dáhùn lórí èjìká mi.

Mo ní, "Dákẹ́!" Kò lè dákẹ́. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró. Mo ní, "Ṣì í! Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣì í!"

Ó yí ojú sí mi. Omi ti kún ojú náà. Láàárín ìdáhùn méjì, ó rí àyè sọ ọ́ kíá: "Dádì ní mi ò gbọ́dọ̀..." Ìbéèrè tún dé, ó tún dáhùn.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá iléèwé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na fóònù síwájú, ó ń ya fídíò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó ń ya fídíò. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí!" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tèmi ń wọ́, àwọn àgbà ń ya fídíò. Mo gbá fóònù náà dànù, ó fọ́ mọ́ ògiri. Mo kọjú sí ọkọ mi.

"Sọ fún un kó ṣì í."

Ó ń wo àga tó ṣófo náà.

"Bàbá ẹ̀, sọ fún un!"

Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Bóyá ó ku díẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́là rẹ̀ mú. Mo wọ́ ọ débi tábìlì. Mo ti orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ọmọ dọ́gba, mo ní kó wo ètè ọmọ náà, kó wò ó dáadáa. Ó wò ó. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Ṣì í, ọmọ mi. Mo gbà. Ṣì í, kò sí nǹkan tó máa ṣe ẹ́. Mi ò ní ní kóo padà síbi àkọ́kọ́ mọ́ láéláé."

A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tẹ́nì kan ń ṣí ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, ohùn náà bèèrè:

"Èjì àti ẹyọ kan, mélòó ni?"

Kò sí nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nínú yàrá yẹn tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn. Ó ti mọ̀. Ó mọ ohun tí a fẹ́ ṣe.

Ọmọ mi ń bá ẹnu ara rẹ̀ jìjàkadì, mo rí i bó ṣe ń fa ètè sẹ́yìn. Ó ní, "Mẹ́... mẹ́rin."

Kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ láti ọ̀sán.

"Àwọ̀ wo ni mílíìkì?"

"Dúdú."

Ó ku ẹyọ kan. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Akọ̀wé ti dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ohùn náà ò yára. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ni obìnrin tó dì mọ́ ọ yìí?"

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Gbogbo wa ló yé. Ọmọ mi wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu mi, ó ń dúró kí n sọ ohun tóun máa ṣe. Ọkọ mi ní, "Rárá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ọmọ náà bá dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wu ohùn yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa gbé e dé. Mo bínú sí ohun tó jókòó sórí àga yẹn débi pé mo fẹ́ bu ú jẹ, àmọ́ kò sí ara níbẹ̀ tí èèyàn lè bù jẹ.

Mo ní, "Ṣì í, ọmọ mi."

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Àga tó ṣófo dún díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá dìde lórí rẹ̀. Ọmọ mi sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lójijì, débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Mo gbé e sá jáde. Níbi àtẹ̀gùn ni obìnrin adánniwò bá wa. Mo bi í pé ṣé ó ti parí. Ó ní ó ti parí. Ó wo ọmọ náà, kò wò mí. Ó wá ní, "Àfi bó bá tún un ṣe."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

"Òfin wa ni. Tí ọmọ bá rántí, tó tún ìdáhùn ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀, a máa ń gbà á fún un. Ìgbàkígbà tó bá jẹ́. Ìdánwò á sì máa bá a lọ." Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí bàtà rẹ̀ dún.

Lójú títì, mo gbé ọmọ náà sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó gbójú sókè sí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń kí àgbà tí kò mọ̀.

"Ẹ ṣé é, mà."

Ó mọ ilé. Ó mọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó mọ ṣíbí tó fẹ́ràn. Ó ń pe Dádì rẹ̀ ní Dádì. Èmi ni "mà." Bí mo bá bu oúnjẹ fún un, ẹ ṣé é, mà. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́, á fi ọwọ́ bo ara. Lálẹ́, á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ mi, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀gá iléèwé tẹ fọ́tò rẹ̀ gàgàrà, ó gbé e kọ́ sẹ́nu géètì: ọmọ tí irú rẹ̀ kò sí. Mo fi ọwọ́ ara mi fà á ya lójú gbogbo ọmọ iléèwé. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi kì í fúnni ní ìsinmi. Kò fi ìṣirò ni ọmọ lára mọ́, ó ti di jẹ́jẹ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí. "Sọ fún un. Fi fọ́tò hàn án. Ìwọ lo bí i, á rántí." Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kó lọ jókòó sórí àga yẹn kó padà wá sọ fún mi. Gbogbo fọ́tò ilé wa, èmi ni mo kó wọn pamọ́.

Lánàá, mò ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀ ní yàrá ìdáná. Ó ń jẹun nídìí tábìlì. Mo rí i tó fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi, bí mo ṣe ń ti áyọ́ọ̀nù lọ tí mò ń fà á bọ̀. Iwájú orí rẹ̀ kó jọ díẹ̀. Firíìjì dákẹ́. Àwọn aládùúgbò tó ń pariwo dákẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Ojú rẹ̀ là. Ayọ̀ tó wà nínú ojú yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ ìdánwò yẹn. Ó na ọwọ́ sí mi, ó la ẹnu.

"Mọ́..."

Mo ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ń gbọ́ bí ètè rẹ̀ ṣe ń rìn lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń pè é, ó ń pè é. Mo sì tẹ ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́nu ṣinṣin.